Ojú-Ewé Mẹ́rin Tí N Kò Kọ Orúkọ Sí

Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ ọmọ mi léèrè pé iṣẹ́ wo ni bàbá àgbà wọn ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín. "Bàbá wa? Ìwé ìfẹ́ ni wọ́n ń júwe fún èèyàn." Wọn ò parọ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi jókòó sẹ́yìn káńtà ní Challenge, nílùú Ìlọrin níbí, tí mò ń yá àwọn èèyàn ní ìwé ìtàn ìfẹ́, tí mo sì ń sọ èyí tó yẹ kí oníkálukú kà fún un. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí yóò gbé yín dé ọ́fíìsì tó tutù ni púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń wá. Kò burú. Ẹ sáà jẹ́ kí n ro tèmi, bóyá ẹnìkan yóò rí nǹkan mú níbẹ̀.

Mo lọ sí yunifásítì nígbà tí ẹni tó bá lọ ṣì ń gbé èjìká rìn láàrin ìlú. Ìwé ìtàn àti ewì ni mo kà níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo ń dúró de iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi, òjò kan sì lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaji Yahaya. Mo bá a níbi tó ti ń bá obìnrin kan ṣe àríyànjiyàn lórí bóyá ọkọ inú ìwé kan jẹ́ òǹrorò tàbí onítìjú. Mo dá sí i. Nígbà tí òjò dá, mo ti di ọmọṣẹ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó tó jẹun. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá mi ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Alhaji Yahaya jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, onífìlà funfun, tí kì í fojú fo ẹyọ ìdọ̀tí kan. Ìdílé adàwékọ ló ti wá. Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó pọ̀, bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ló ń fi kálámù àti tàdáwà da ìwé kéú kọ fún àwọn alùfáà ìlú. Òfin kan wà nínú ìdílé náà: ẹni tó bá da ìwé kọ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ ojú-ewé tó gbẹ̀yìn, kó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó máa kà á nítorí àṣìṣe. Òfin yìí ni Alhaji gbé wọ inú ìwé ìfẹ́. Bí ojú-ewé kan bá ya sọnù nínú ìwé wa, yóò wá ẹ̀dà mìíràn lọ, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn, yóò fi ọwọ́ da ohun tó sọnù kọ ní ẹyọ ẹyọ, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Alhaji, ṣé ìtàn ọmọge àti ọmọkùnrin náà lẹ ń ṣe bí ìwé kéú?"

"Ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni méjèèjì," ni yóò sọ. "Àmánà ni. Wọ́n fi síkàáwọ́ mi ni."

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀. Ìwé ni mò ń bò. Àwọn obìnrin Ìlọrin fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́ bí oyin, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ìyá ọkọ rí àwòrán ọkùnrin tó gbá obìnrin mọ́ra lẹ́yìn ìwé. Nítorí náà, gbogbo ìwé wa la fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò, ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun la ń dojú rẹ̀ síta. Òwú tí a so mọ́ ìdí ìwé ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: pupa bí omijé bá wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé bó bá jẹ́ ẹ̀rín. Sítáàṣì ni a fi ń lẹ̀ ẹ́.

"Yunifásítì!" Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn. "O fọwọ́ lẹ́yìn àkàrà yẹn?"

"Mo ti nù ún, Alhaji."

"Kí lo fi nù ún?"

"Ṣòkòtò mi ni."

"Ṣé omi ni ṣòkòtò ẹ? Dìde, lọ fọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kírun."

Inú máa ń bí mi. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo ti jókòó lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tí kò ka oníwèé mẹ́wàá jáde wá ń kọ́ mi ní ọwọ́ fífọ̀. Nígbẹ̀yìn ló wá yé mi pé bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà.

Nígbà tó gbà mí láàyè láti sọ̀rọ̀, ó kọ́ mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní n kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni pé irú ìwé wo ló fẹ́. "Wọ́n á parọ́ fún ẹ. Wọ́n á dárúkọ ìwé tó jẹ́ ọmọlúàbí. Bi wọ́n pé ìwé wo ló já wọn kulẹ̀ gbẹ̀yìn. Níbi ìbínú lèèyàn ti ń sọ òótọ́." Títí dòní, n kò rí ìbéèrè tó dára ju ìyẹn lọ. Obìnrin kan á ní, "Ìwé tí ọkùnrin ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò ni." Lójú ẹsẹ̀ ni màá na ọwọ́ sí *Ìyàwó Awakọ̀ Rélùwéè*, iṣẹ́ Fẹ́hìntọlá Àgbéjẹ́. Nínú ìwé yẹn, ọkọ kò sọ pé òun fẹ́ràn ìyàwó òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kó fọn fèrè ọkọ̀ ojú irin lẹ́ẹ̀mejì bó bá ń kọjá ẹ̀yìn ilé, kí obìnrin náà lè gbé ìrẹsì kaná. Lọ́jọ́ tí fèrè dún lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀yin náà á da ìwé sílẹ̀, ẹ ó sì dìde dúró. Ẹni tí ìfẹ́ bá ti sú ni mo máa ń fún ní Àgbéjẹ́. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn jù, tó ti gbàgbé pé inú ilé kan náà ni ìfẹ́ àti ìjà ń gbé, Múfútáù Ọ̀tànmọ́ ni mo máa ń fún un. *Ẹní Méjì Lábẹ́ Odán* ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya kan sùn sórí ẹní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìkòkò kan tó fọ́, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń sún ẹní náà padà, ìka kan lójúmọ́. Ẹ ó rẹ́rìn-ín títí ẹ ó fi sunkún.

Òfin tó le jù lọ́wọ́ Alhaji ni pé n kò gbọdọ̀ júwe ìwé tí n kò tíì kà dópin. Ó máa ń dán mi wò. "Yunifásítì, kí ni wọ́n fi jẹ ẹ̀kọ ní orí keje?" Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, ìwé náà á padà sórí àga mi.

Òfin yìí ni mo rú.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Àńtí Ṣífáwù, Adéwọlé ló ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá, tí iléèwé bá ti jáde, mo sì jẹ́wọ́ pé láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti máa ń lọ ṣòkòtò mi. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ o. Ó ti ní àfẹ́sọ́nà, ọmọkùnrin kan tó lọ ṣiṣẹ́ ní Sàúdí láti ọdún kẹta, tí lẹ́tà rẹ̀ ti ń wọ́n díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀ lábúlé sì ti rí ọkùnrin mìíràn, àgbẹ̀ tó ní màlúù, èèyàn jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Búrọ̀dá Sàlíù, mo gbọ́ pé ẹ ní ìwé obìnrin kan tó ń tan àtùpà sójú fèrèsé de ọkùnrin tó rìnrìn-àjò."

"*Àtùpà Ojú Fèrèsé*. Àgbéjẹ́ náà ló kọ ọ́."

"Ẹ wá a fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bi mí lọ́dọ̀ bàbá mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí obìnrin yẹn ṣe kí n tó lọ."

Alhaji kò sí nílé, ó wà ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gun àpótí, mo fa ìwé náà yọ. Ìparí rẹ̀ bọ́ lé mi lọ́wọ́ bí èérún. Ikán ti wọ ibẹ̀ láti ara ògiri, ó ti jẹ orí tó gbẹ̀yìn tán pátápátá. Ojú-ewé mẹ́rin ló dín. Èmi fúnra mi kò sì tíì ka ìwé náà dópin, ibi tí lẹ́tà ọkùnrin inú rẹ̀ ti tán ni mo ti fi sílẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú.

Ó yẹ kí n sọ fún un. Ó yẹ kí n ní, "Àńtí, ẹ ní sùúrù kí Alhaji dé." Ṣùgbọ́n mo rántí ojú rẹ̀. Mo sì rántí pé mo lọ sí yunifásítì. Mo jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, mo fi bírò dúdú kọ ojú-ewé mẹ́rin. Nínú tèmi, obìnrin náà dúró. Òjò ń rọ̀, ọkùnrin náà ń bọ̀ lójú ọ̀nà, kò rí iwájú rẹ̀, àfi iná kékeré kan lọ́ọ̀ọ́kán. Mo mọ ọ̀rọ̀ tò nígbà náà, omijé bọ́ lójú èmi tí mò ń kọ ọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Nígbà tó kan orúkọ, mo gbé bírò, mo sì gbé e sílẹ̀. Bí mo bá kọ orúkọ mi bí adàwékọ, irọ́ ni, nítorí n kò da nǹkan kan kọ. Bí mo bá kọ òótọ́, kò ní gbà á gbọ́. Mo fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun, mo sì gbé ìwé náà lọ fún un ní Adéwọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e kò wá. Ọjọ́ Ajé ló dé, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Mo ti sọ fún bàbá mi. Mo ní kí wọ́n dá ẹni yẹn padà, màá dúró."

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ro ó?"

"Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀. Ìwé yẹn ló fún mi lẹ́nu."

Mo gbé àkísà, mo ń nu káńtà. Ẹyin lohùn, tèmi ti balẹ̀ ná.

Alhaji dé lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ìwé tuntun nínú àpò, ẹ̀dà *Àtùpà Ojú Fèrèsé* sì wà nínú wọn. Mo ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó jókòó.

"Orúkọ dà?" ló bi mí.

"N kò kọ ọ́, Alhaji."

"Ká ní o kọ ọ́, ọ̀rọ̀ Sàlíù ni ì bá jẹ́. Obìnrin náà á gbọ́, bó bá wù ú á gbà, bó bá wù ú á kọ̀. Ṣùgbọ́n o fi ẹnu ìwé sọ̀rọ̀. Ta ni ó fẹ́ bá jiyàn?"

Ó ṣí ẹ̀dà tuntun náà síwájú mi. Ibẹ̀ ni mo ti ka òpin rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin inú ìwé pa àtùpà náà fúnra rẹ̀, nítorí epo ti wọ́n, nítorí ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó sùn. Nígbà tí ọdún yípo, ó fẹ́ ẹni tó ń bá a tún òrùlé ṣe. Kò sí òjò, kò sí ẹni tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó dára ju tèmi lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

"Gbé e," ni Alhaji wí. "Má dúró jẹun."

Mo bá Àńtí Ṣífáwù lẹ́nu géètì iléèwé rẹ̀, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà ní ìka rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ń bì. Ó ń juwọ́ sí àwọn ọmọdé títí wọ́n fi kọjá tán.

"Kí ni obìnrin yẹn wá ṣe gan-an?"

"Ó pa àtùpà."

"Ó sùn?"

"Ó sùn."

"Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì," ló wí. Kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. "Ẹ wá jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń fẹ́ ọkọ fún mi." Ó gba ìwé kejì lọ́wọ́ mi. "Ẹ máa lọ, Búrọ̀dá Sàlíù."

Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Alhaji ní a kò gbọdọ̀ béèrè ìwé méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi, ó dá mi padà sí ìwé bíbò fún ọdún kan gbáko, n kò sì gbọdọ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Mo lè kúrò. Iṣẹ́ olùkọ́ tí mò ń dúró dè tiẹ̀ jáde ní ọdún yẹn. N kò lọ. Ó dàbí ẹni pé gbèsè ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn mi, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni mo sì ti lè san án. Láti ìgbà náà, n kò júwe ìwé tí n kò kà dópin mọ́, n kò sì sọ èrò mi láìfi kún un pé, "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ìwé."

Àwọn irinṣẹ́ yí padà. Ẹ̀rọ fọtókọ́pì dé Challenge, a kò fi ọwọ́ da ojú-ewé tó sọnù kọ mọ́. Inú mi dùn, Alhaji ní kò dára, pé ẹ̀rọ kì í tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni fíìmù àgbéléwò dé, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yá kásẹ́ẹ̀tì dípò ìwé, àwa náà sì pín káńtà sí méjì. Alhaji re ìwàlẹ̀ àsà, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, èmi ni mo sì ń bá ṣọ́ọ̀bù lọ títí fóònù fi gba gbogbo rẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn fún ìgbà ìkẹyìn, mo kó àwọn ìwé tí mo fẹ́ràn jù wá sí ilé mi ní Basin, wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí di ìsinsìnyí, nínú kàlẹ́ńdà wọn.

Ọmọ ọmọ mi kan fi mí sínú ẹgbẹ́ òǹkàwé lórí Wáàsáàpù. Ohùn ni mo máa ń fi ránṣẹ́, nítorí ojú mi kò fẹ́ràn bọ́tìnnì kékeré. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan béèrè níbẹ̀ pé ìwé wo ló dára fún ẹni tí wọ́n ní kó dúró de ọkùnrin kan. Mo ní *Àtùpà Ojú Fèrèsé* ni, ó mà ṣe o, n kò ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Mo fi kún un pé, "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ìwé."

Lẹ́yìn ìrun àlásárì ọjọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ilé. Ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbá àpò ọ̀rá kan mọ́ àyà.

"Búrọ̀dá Sàlíù, ẹ ti hewú."

Ohùn ni mo fi mọ̀ ọ́n. "Àńtí Ṣífáwù."

"Alhaja ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ṣùgbọ́n Àńtí náà dùn, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ ọmọ mi ló ń gbọ́ ohùn yín nínú fóònù ní pálọ̀ mi. Mo ní, ta ló ń pariwo bí oníṣọ́ọ̀bù ìwé yẹn? Òun ló bá mi wádìí ilé yín."

Ó jókòó. Ó mu omi. Ó yọ ìwé méjèèjì jáde, kàlẹ́ńdà tí mo fi bo ti àkọ́kọ́ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. N kò lè mú un mọ́ra.

"Àńtí, mo ṣẹ̀ yín. Ṣé ọmọkùnrin yẹn dé?"

"Ó dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ó dé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo wá fẹ́ olùkọ́ àgbà iléèwé wa, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Èèyàn gidi ni. A bí mẹ́ta."

"Ọdún mẹ́ta tí ẹ fi dúró, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Lọ́jọ́ tí ẹ wá jẹ́wọ́, ṣé onímàlúù yẹn ti fẹ́ ẹlòmíràn ni? Ó ṣì wà ńlẹ̀. Mo lè sáré lọ bá bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo mọ òótọ́, mo sì dúró. Ó wù mí láti dúró ni. Ìwé yín kàn fún mi ní ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Bí inú bá ti bí mi, màá ní, 'Sàlíù ìkà yìí!' Oorun á sì gbé mi lọ."

Èmi àti ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ padà sí ti olùkọ́.

"Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò tíì dárí ẹ̀ jì yín." Ó ṣí ìwé àtijọ́ náà sí ojú-ewé tó gbẹ̀yìn, ó fi ìka sí ibi funfun ìsàlẹ̀. "Orúkọ dà? Ọmọ tó béèrè ìwé lọ́wọ́ yín lánàá, ọmọ ọmọ mi ni. Òun náà ní ẹni tó ń dúró dè. Mo fẹ́ kó ka méjèèjì, kó sì fúnra rẹ̀ yàn. Kò gbọdọ̀ ṣe bíi tèmi, kó má mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀."

Mo wọlé, mo fọ ọwọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ kírun. Mo mú bírò dúdú. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Èmi Sàlíù Àjàó ni mo kọ ojú-ewé mẹ́rin yìí láti inú ara mi. Kì í ṣe Àgbéjẹ́. Àtùpà tó ń jó níbẹ̀, èmi ni mo tàn án. Àṣìṣe inú rẹ̀, tèmi ni. Ẹni tó bá kà á, kó foríjì mí."

Ó gbà á, ó sún un mọ́ ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè gbẹ, ó sì rọra pa ìwé náà dé.